Láti Kàbà dé Òkè Patti: Ọjọ́ Tó Kẹ́yìn Lójú Ọ̀nà Òkè

Lọ́kọ́jà ni ojú ọ̀nà òkè tó ti Ìdànrè bẹ̀rẹ̀ ń parí sí. Ọ̀nà náà gba Àkúrẹ́ lọ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí Olósùnta àti Òròlé dúró sí, ó gba Adó-Èkìtì lọ sí Ọ̀mùò tó jẹ́ ìlú tó kẹ́yìn ní Èkìtì, lẹ́yìn náà ló wọ Ìyàmoyè ní ilẹ̀ Ìjùmú, tó sì já sí Kàbà. Ẹni tó bá fi ọlidé gbà á, tí kò kánjú, yóò ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ní Ìdànrè, yóò ti wẹ̀ nínú omi gbígbóná Ìkọ̀gòsì bó bá yà síbẹ̀, orúnkún rẹ̀ yóò sì ti máa ro ó. Kàbà ló dára kó sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn. Láti ibẹ̀ dé Lọ́kọ́jà kò tó 100 kìlómítà.

Bí ọ̀nà ṣe kúrú tó yẹn, ọjọ́ ìkẹyìn ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Òkè kan tó ń jẹ́ Patti wà láti gùn, odò méjì wà láti wò, ìlú kan sì wà tí ìtàn rẹ̀ ju títóbi rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ gbéra gbàrà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Kì í ṣe kó tó mọ́ o: àwọn ajínigbé ti dá àwọn ọ̀nà tó wọ Lọ́kọ́jà rí, ẹni tó bá sì gbọ́n kì í jẹ́ kí òkùnkùn bá òun láàárín ìlú méjì. Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gbáréèjì Kàbà bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ náà, torí àwọn ni wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba ọ̀nà yìí kì í fiyè sí. Ní Èkìtì, odò bí Ogbèsè ń ṣàn lọ sí gúúsù, ó ń bá àwọn odò igbó lọ sí etíkun. Nígbà tí ọkọ̀ bá fi Èkìtì sílẹ̀ tó wọ ilẹ̀ àwọn Yorùbá Kogi, ìyẹn àwọn Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ tí à ń pè lápapọ̀ ní Okun, omi ti kọjú síbòmíràn. Odò Kampe, tí wọ́n sé ní Ẹ̀jìbà ní ilẹ̀ Yàgbà nítorí iṣẹ́ àgbẹ̀, Odò Ọya ló ń lọ bá. Kò sí pátákó kankan lójú ọ̀nà tó sọ pé ibí ni omi ti pínyà, bẹ́ẹ̀ láti ibẹ̀ lọ ni arìnrìn-àjò àti òjò ilẹ̀ náà ti jọ ń lọ síbì kan náà.

Láti Kàbà dé Ọbájáná, títì kọnkéré ni, kìlómítà 43. Ilé-iṣẹ́ Dangote ló ṣe é, wọ́n sì yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú owó orí tó yẹ kí ilé-iṣẹ́ náà san fún ìjọba àpapọ̀. Ìdí tí wọ́n fi lo kọnkéré kò ṣòro láti rí. Oòrùn a máa mú kí ọ̀dà rọ̀, tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì á wá máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ojú ọ̀nà á fi di poro. Kọnkéré kì í rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni ariwo: táyà á máa hó lórí rẹ̀, oríkèé títì kọ̀ọ̀kan á sì máa gbá ìdí ọkọ̀. Tírélà ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ní sùúrù láti tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn títí ibi tó gbòòrò yóò fi dé ni yóò gbádùn àwọn òkè tó wà lápá ọ̀tún àti òsì.

Ọbájáná kì í ṣe ibi ìgbafẹ́, eruku ibẹ̀ nìkan tó láti lé àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wo òkè láti Ìdànrè wá kò yẹ kó sáré kọjá. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà níbẹ̀: wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ ọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n wá ń sun ún nínú iná tó gbóná ju 1,400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, títí yóò fi di sìmẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ náà wà lára àwọn tó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mélòó ló wà ní Èkó àti Àbújá lónìí tó jẹ́ òkúta inú ilẹ̀ Kogi tẹ́lẹ̀?

Lẹ́yìn Ọbájáná, ọ̀nà já sí títì Òkénè ní Zariagi, ó sì yà sápá òsì lọ sí Lọ́kọ́jà. Níbẹ̀ ni ojú á ti rí i pé òkè ti yí padà. Àwọn òkè Ìdànrè àti Ìkẹ́rẹ́ rí roboto, wọ́n pá lórí, òkúta gidi ni wọ́n láti ìdí dé òkè. Àwọn òkè Lọ́kọ́jà tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, etí wọn sì dà bí ohun tí wọ́n fi àdá gé. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ènìyàn ló tẹ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáyé ló fa ìyàtọ̀ náà. Òkúta Ìdànrè yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì dì síbẹ̀ ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò tó wá fọ ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí orí rẹ̀ fi yọ síta. Patti kò rí bẹ́ẹ̀. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni, èyí tí àwọn odò ayé àtijọ́ kó dà sínú àfonífojì ńlá kan ní nǹkan bíi 70 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Wọ́n tò ó ní ìpele lórí ìpele, nígbà tó yá, ìpele kan tó kún fún irin dì sórí gbogbo rẹ̀, ó sì le koko. Nígbà tí àwọn odò ìsinsìnyí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ náà, ibi tí ìpele onírin bò mọ́lẹ̀ ni wọn ò rí gbẹ́, ibi tí kò bò ló jìn wọlé. Ohun tó jẹ́ ìsàlẹ̀ omi nígbà kan ló wá di orí òkè. Irú òkè kan náà ni Agbájá tó wà ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, ní ẹ̀yìn ìlú Lọ́kọ́jà, irin tó wà lórí rẹ̀ sì pọ̀ débi pé àwọn awakùsà ti ń bá a ṣe wọlé-wọ̀de láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá rò pé omi ni yóò rọ́pò òkè lọ́jọ́ ìkẹyìn ìrìn-àjò yìí, kó mọ̀ pé omi ló kó òkè náà jọ, omi náà ló sì gé e.

Gíga Patti tó nǹkan bíi mítà 458 sí ojú òkun. Kò ga tó bẹ́ẹ̀ bí a bá fi wé àwọn òkè Adamawa, àmọ́ ìlú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá odò dọ́gba, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ó ga gan-an. Mọ́tò lè gùn ún dé orí. Ọ̀dà ni ọ̀nà náà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, débi pé bí ọkọ̀ méjì bá pàdé ara wọn níbi tó há, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn. Ẹni tó ń gùn ún kó fi jíà kékeré gùn ún, kó má sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ náà, jíà kékeré kan náà ni kó lò. Bó bá jẹ́ búréèkì nìkan ló ń tẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, búréèkì á gbóná, yóò sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ níbi tó ti nílò rẹ̀ jù. Àwọn ọ̀dọ́ ìlú fẹ́ràn láti fẹsẹ̀ gùn ún lówúrọ̀, ìyẹn náà dára fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ ò ro ó mọ́ láti Ìdànrè.

Àkókò ọdún ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ. Oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba ọlidé, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọyẹ́ ń bo ojú ọ̀run, tí ẹni tó dé orí Patti lè má rí ju òrùlé páànù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù Kẹwàá wọ oṣù Kọkànlá, ojú ọ̀run mọ́, omi kún, koríko ṣì tutù. Ìgbà yẹn ló dára jù.

Àwọn òpó ìbánisọ̀rọ̀ gíga gíga ló kọ́kọ́ ń kí àlejò lórí òkè. Ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà, wà níbẹ̀, ilé kékeré tí kò ní ọ̀ṣọ́, ibi tí wọ́n kọ́ ọ sí ló gbé e níyì. Igi oṣè àgbà kan náà wà, tí àwọn àlejò láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ àti ọdún sí lára. Kò yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí igi, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi tirẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé àwọn tó ti wá wo odò láti orí òkè yìí ti pọ̀.

Odò ọ̀hún ni gbogbo ènìyàn wá wò. Odò Ọya ń bọ̀ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, Odò Bẹ́núé ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, wọ́n pàdé níwájú ìlú, wọ́n sì kọrí sí gúúsù. Ọmọ òkè ni àwọn méjèèjì. Àwọn òkè Guinea ni Ọya ti ṣẹ̀ wá, kò jìnnà sí òkun níbẹ̀, síbẹ̀ ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó lọ sí Timbuktu ní etí aṣálẹ̀ kó tó rántí yí padà. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4,180. Bẹ́núé wá láti orí òkè pẹrẹsẹ Adamawa ní Cameroon, ó rin nǹkan bíi 1,400 kìlómítà kó tó dé Lọ́kọ́jà. Yorùbá ti sọ tirẹ̀ nípa èkíní: aya Ṣàngó ló di odò, Ìrá ló sì ti wọlẹ̀. Àwọ̀ omi méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Ti Ọya máa ń pọ́n bí ilẹ̀ tó gbà kọjá, ti Bẹ́núé a sì máa tutù lójú jù ú lọ, wọ́n á jọ máa ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dà pọ̀. Ó yẹ kéèyàn mú awò ọ̀nà jíjìn dání bó bá ní i.

Omi tó ń kọjá nísàlẹ̀ kì í ṣe omi ìgbà kan náà. Ọya a máa kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ ni omi òjò tó rọ̀ nítòsí, tó ń gbé ẹrẹ̀ wá ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án. Funfun ni àwọn onímọ̀ odò ń pe èyí. Èkejì ni omi tó rọ̀ ní Guinea ní ìgbà òjò kan náà, tó tàn kálẹ̀ sínú irà ńlá ilẹ̀ Mali, tó fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì pẹ́ lọ́nà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní ló ń wọ Nàìjíríà, ó mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, dúdú ni wọ́n sì ń pè é. Adágún Kainji, tí wọ́n sé lọ́dún 1968, ló ń kọ́kọ́ gbà á.

Ìtàn tí àwọn afinimọ̀nà fẹ́ràn jù lórí òkè yìí ni pé níbẹ̀ ni Flora Shaw jókòó sí, tó wo odò méjèèjì, tó sì sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ inú rẹ̀ kò bára mu. Àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin náà ti dá orúkọ yẹn lábàá, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1897. Oníròyìn ni nígbà náà, kò tíì di aya Lugard. Ọdún 1902 ni wọ́n ṣègbéyàwó, nígbà yẹn sì ni olú-ìlú Lugard ti kúrò ní Lọ́kọ́jà. Ohun tó dájú pé ó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkè kò kéré sí ìtàn yẹn rárá. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1900, Lọ́kọ́jà ni wọ́n ti sọ àsíá ilé-iṣẹ́ òwò Royal Niger Company kalẹ̀, tí wọ́n fa ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, tí Lugard sì kéde pé Àríwá Nàìjíríà ti bọ́ sábẹ́ òun. Kò sí ẹni tó bi àwọn tó ń gbé lábẹ́ òkè náà léèrè.

Lẹ́yìn òkè, ó kan ìlú. Ní ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John wa ọkọ̀ kọjá ibi ìpàdé omi yìí, tí ayé òyìnbó fi mọ ibi tí Ọya ń gbà lọ sí òkun. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wá, wọ́n ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Atá Ígálà láti fi dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibà pa púpọ̀ nínú wọn, oko náà sì tú ká. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú rí, wà nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tó di 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ William Balfour Baikie mú ọkọ̀ Pleiad gòkè Bẹ́núé, ó ní kí gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kìnínì déédéé, kò sì sí ẹni tí ibà pa nínú wọn. Baikie kan náà ló padà wá, tó tẹ Lọ́kọ́jà dó gẹ́gẹ́ bí ibùdó òwò ní nǹkan bí ọdún 1859, tó ń dá ẹjọ́, tó ń gba ẹrú sílẹ̀, kó tó kú ní Freetown lọ́dún 1864. Ní ọgbà ilé-ìwé Holy Trinity, tí àwọn ìjọ Crowther dá sílẹ̀ lọ́dún 1865, òpó irin kan ṣì wà tó ń ṣàmì ibi tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀. Wákàtí kan tó fún ibẹ̀.

Àwọn itẹ́ òkú Lọ́kọ́jà gba ìfarabalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn òyìnbó wà lọ́tọ̀, tí ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára òkúta sì ń fi hàn pé ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ti àwọn ọba Hausa àti Fúlàní tí Lugard rọ̀ lóyè náà wà. Aliyu, ọba Kano, tí wọ́n mú lọ́dún 1903, Lọ́kọ́jà ni wọ́n gbé e wá nígbẹ̀yìn, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́dún 1926. Ó tó ogún ọdún tí ọkùnrin tó ti jókòó lórí ìtẹ́ Kano fi jẹ́ àlejò tí kò lè lọ sílé. Ẹni tó wá gbafẹ́ sí ìlú yìí yẹ kó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni ìlú náà jẹ́ fún àwọn mìíràn.

Oúnjẹ ọ̀sán, etí omi ni. Ẹja àrọ̀, ọ̀bọ̀kún àti epìyà ni wọ́n ń sè tàbí ń yan níbẹ̀, ata rẹ̀ kì í sì í ṣe ti ọmọdé. Àwọn tó ń ta á ń fi èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣòwò: Hausa, Núpé, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Bàsá àti Ọ̀wọ́rọ̀ ló kún ìlú náà láti ọjọ́ tí Baikie ti ń kó ènìyàn jọ. Ẹni tó bá kí ìyá ẹlẹ́ja ní Yorùbá, tó kúnlẹ̀ díẹ̀ tàbí tó tẹríba, á gbọ́ ìdáhùn ní Yorùbá, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ní adùn mìíràn. Ẹja yíyan tó gbẹ dáadáa ni kó rà lọ sílé, kì í ṣe tútù, torí ọ̀nà jìn.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń ti Lọ́kọ́jà gbé èrò lọ sí Shintaku lódìkejì omi. Ìrìn kúkúrú ni, ó sì jẹ́ kéèyàn rí Patti láti ibi tí àwọn Lander ti rí i. Ẹni tí wọn ò bá fún ní ẹ̀wù agbéniléfòó kó má wọ̀ ọ́.

Odò yìí kì í ṣe ohun ìwòran nìkan fún àwọn tó ń gbé létí rẹ̀. Ní 2012, nígbà tí òjò pọ̀ lápọ̀jù tí wọ́n sì tú omi ìsédò Lagdo sílẹ̀ ní Cameroon, omi wọ ilé títí dé òrùlé ní àwọn àdúgbò kan, ó sì bo títì Àbújá mọ́lẹ̀ débi pé ọkọ̀ wà lójú kan fún ọjọ́ púpọ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ẹni tó fẹ́ rin ìrìn-àjò yìí ní oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá, kó kọ́kọ́ gbọ́ bí omi ṣe rí.

Aago méjì ọ̀sán ló yẹ kí ẹni tó ń padà lọ lọ́jọ́ náà ti gbéra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sùn ní Lọ́kọ́jà di ọjọ́ kejì. Ẹni tó ń lọ sí Àbújá yóò gba afárá Murtala Muhammed ní Jamata kọjá Ọya, lọ sí Koton Karfe àti Abaji. Ẹni tó ń lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Benin yóò gba Òkénè. Ti Ìlọrin yóò padà sí Kàbà, yóò sì gba Ẹ̀gbẹ̀ àti Òmù-Àrán. Ẹni tó ń lọ sí ìlà-oòrùn yóò gba Ajaokuta dé afárá Itobe. Ẹni tí ọ̀nà ti sú, tó sì ń lọ sí apá Warri, lè fi mọ́tò dé Itakpe, kó wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Àmọ́ kó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú, torí àyè kì í sábà ṣẹ́ kù bí ọlidé bá ń parí.